Oògùn èébì fún aboyún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: èyí tó ṣáájú, èyí tó kẹ́yìn, àti ìgbà tí ilé ìwòsàn yá

Aboyún tí èébì ń dà láàmú ní Ilé-Ifẹ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó takora kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyá ọkọ á ní kò gbọdọ̀ fi oògùn òyìnbó kankan sẹ́nu títí oyún yóò fi pé oṣù mẹ́rin. Bó bá yà sí kẹ́míìsì ní Lágere tàbí Ṣábó, ẹni tó wà nídìí káńtà lè kó hóró oògùn mẹ́rin oríṣiríṣi sínú ọ̀rá kékeré fún un láìbi í pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni oyún náà. Èmi ò gba ti ìyá ọkọ, n ò sì gba ti oníkẹ́míìsì. Oògùn èébì kan wà tí àwọn aboyún ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún tí a sì mọ ìwà rẹ̀ dáadáa. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀nà yòókù bá dí la tó ń yà sí i. Òmíràn ò yẹ kó dé ọwọ́ aboyún rárá. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀sẹ̀ oyún

Ọjọ́ tí nǹkan oṣù tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń ka oyún. Ẹni tó bá ń kà á láti ọjọ́ tó ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ lè rò pé ọ̀sẹ̀ 3 ni òun wà, nígbà tó ti wọ ọ̀sẹ̀ 7. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí fóònù yín, torí gbogbo ẹni tí ẹ bá lọ bá fún oògùn ló yẹ kó béèrè rẹ̀.

Èébì oyún sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 7. Ó máa ń le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9, ó sì máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ obìnrin láàárín ọ̀sẹ̀ 12 sí 16. Nínú aboyún 10, ó tó 7 tàbí 8 tí yóò mọ̀ ọ́n lára. Àsìkò yìí kan náà ni ẹ̀yà ara ọmọ ń dá. Ọkàn, apá àti ẹsẹ̀ ń fara hàn láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 10, àjà ẹnu sì máa ń pa pọ̀ tán kí ọ̀sẹ̀ 12 tó parí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn: ọ̀sẹ̀ tí ìyá nílò oògùn èébì jù ni ọ̀sẹ̀ tí ara ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò.

Bí kò bá sí èébì láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, ẹ má tètè pè é ní èébì oyún. Kí dókítà kọ́kọ́ wá ohun mìíràn tó lè fà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn ọkọ tó ń sọ pé ìyàwó àwọn ń ṣe àṣejù, àti fún àwọn tó ń ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní GDF15, tí ibi ọmọ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, wà nídìí èébì yìí. Obìnrin tí èyí tó wà lára rẹ̀ kéré kó tó lóyún ni ó sábà máa ń bá jà jù. Kì í ṣe ìwà, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà.

Ṣé oyún ló ń fa èébì náà?

Ibà máa ń mú èébì wá, ó sì lè bá èébì oyún pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ara gbígbóná, torí èébì oyún kì í mú ara gbóná, kì í sì í múni gbọ̀n. Aboyún tó ń bì tí ara rẹ̀ sì gbóná gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ibà, èyí tí wọ́n ń gún ìka fún, kó tó wá oògùn èébì. Bí ibà bá jáde, ìtọ́jú ibà ló ṣáájú. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i kí aboyún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lo artemether-lumefantrine, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Coartem, fún ibà tí kò tíì le. Fansidar tí wọ́n ń fún aboyún láti dènà ibà kò tíì tó àkókò nígbà yìí. Ó di ọ̀sẹ̀ 13 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí ìtọ̀ bá ń ta yín tàbí tí ìhà bá ń dùn yín lẹ́yìn, ẹ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀. Bí abẹ́ ikùn bá ń dùn yín gidi lápá kan tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ oògùn èébì, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, torí oyún lè wà níbi tí kò yẹ kó wà. Bí èébì bá sì le kọjá ohun tí ẹ mọ̀, ẹ béèrè fún sikáànì. Ó lè jẹ́ ìbejì, èyí tí kò ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ó sì lè jẹ́ oyún tí kò di ọmọ, tí ibi rẹ̀ nìkan ń wú, èyí tó nílò ìtọ́jú kíákíá.

Ẹ wọn bó ṣe le tó

Ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn dókítà fi ń wọn èébì oyún, gbogbo rẹ̀ sì dá lórí wákàtí 24 tó kọjá. Wákàtí mélòó ni èébì fi gbé yín? Ìgbà mélòó ni ẹ bì? Ìgbà mélòó ni ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ bì tí nǹkan kan ò jáde? Máàkì 1 sí 5 ni fún ìkọ̀ọ̀kan.

Ní ti wákàtí: bí kò bá gbé yín rárá, máàkì 1; bí kò bá ju wákàtí 1 lọ, máàkì 2; wákàtí 2 sí 3, máàkì 3; wákàtí 4 sí 6, máàkì 4; bó bá ju wákàtí 6 lọ, máàkì 5. Ní ti ìbéèrè méjì yòókù: bí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, máàkì 1; ìgbà 1 sí 2, máàkì 2; ìgbà 3 sí 4, máàkì 3; ìgbà 5 sí 6, máàkì 4; ìgbà 7 sókè, máàkì 5. Ẹ rò wọ́n pọ̀. 6 sí ìsàlẹ̀ fúyẹ́, 7 sí 12 wà láàárín, 13 sí 15 ti le.

Mo fẹ́ràn ìwọ̀n yìí torí pé ó ń fòpin sí àríyànjiyàn inú ilé. Nọ́ńbà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà ní 5 lè má nílò ju àtúnṣe oúnjẹ lọ. Ẹni tó bá wà ní 14 tó ṣì ń fi orógbó jíjẹ tan ara rẹ̀ ti ń pẹ́ jù nílé.

Kí oògùn tó dé

Ebi ni ọ̀rẹ́ èébì oyún. Ẹ má jẹ́ kí inú ṣófo. Ẹ gbé bísíkíìtì tàbí búrẹ́dì gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ jẹ díẹ̀ kí ẹ tó dìde, kí ẹ sì jókòó fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo wákàtí méjì. Oúnjẹ tútù kì í rùn tó oúnjẹ gbígbóná, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ tútù fi máa ń dúró nínú ẹni tí ọbẹ̀ gbígbóná ò dúró nínú rẹ̀. Omi ò ní bá oúnjẹ rìn lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ mu ún láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, ìmukúmu kéékèèké. Ìyá Ìjẹ̀ṣà tó ń rọ̀ yín kí ẹ jẹ iyán kí ọmọ lè lágbára fẹ́ràn yín ni, àmọ́ ohun tó bá dúró nínú yín ní ọ̀sẹ̀ 8 ló ṣe pàtàkì. Ẹ máa jẹ iyán lóṣù karùn-ún.

Òórùn ni ìṣòro ńlá. Epo tó ń gbóná, irú, ẹja yíyan, páfúùmù ọkọ. Kí ẹlòmíràn dáná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹlòmíràn sì bá yín dé ìdí àwọn ẹlẹ́ja ní ọjà Odò-Ogbè.

Atalẹ̀ ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Àwọn ìwádìí tí wọ́n fi àwọn aboyún ṣe sábà máa ń lo nǹkan bíi gíráàmù 1 atalẹ̀ gbígbẹ lójúmọ́, tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì ṣíbí tíì tí a lọ̀, tí a pín sí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó ń dín bí èébì ṣe ń gbéni kù ju bó ṣe ń dín bíbì gan-an kù lọ. Ó lè mú kí àyà máa ta ẹlòmíràn. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ fi kún un láìsọ fún dókítà.

Ohun kan tí wọn kì í sábà sọ: hóró ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún, ìyẹn èyí tó ní irin nínú, máa ń dá kún èébì. Bí èébì bá ń le sí i lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹ lè dá a dúró díẹ̀ tàbí kí ẹ máa lò ó lálẹ́. Folic acid kò gbọ́dọ̀ dúró ní tirẹ̀. Òun ló ń dáàbò bo ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ, ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ìbẹ̀rù ti wá

Ìbẹ̀rù oògùn nínú oyún kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ní ọdún 1957 ni wọ́n gbé thalidomide jáde ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun, wọ́n sì ń fún àwọn aboyún fún èébì. Nígbà tí wọ́n fi máa kó o kúrò lọ́jà ní òpin ọdún 1961, ó ti lé ní 10,000 ọmọ káàkiri ayé tí a bí láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé. Amẹ́ríkà bọ́ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nítorí pé Frances Kelsey, dókítà tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn níbẹ̀, kọ̀ láti fọwọ́ sí i.

Ìtàn kejì ni àwọn tó ń dẹ́rù bani kì í sọ. Láti ọdún 1956 ni oògùn èébì aboyún kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bendectin. Àwọn kan gbé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é lọ sí ilé ẹjọ́ pé ó ń fa àbùkù ara, ẹjọ́ náà pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ náà kó o kúrò lọ́jà ní ọdún 1983. Ìwádìí lórí ìwádìí kò rí àbùkù kankan tó fà. Ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn tó lọ tán ni pé aboyún tí èébì ń gbé dé ilé ìwòsàn ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdàpọ̀ yẹn kan náà padà pẹ̀lú orúkọ tuntun. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Thalidomide kọ́ wa pé ká yẹ oògùn wò kó tó dé ọ̀dọ̀ aboyún. Bendectin kọ́ wa pé fífi aboyún sílẹ̀ láìsí ìtọ́jú náà ń pani lára.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: nínú ọmọ 100 tí a ń bí, nǹkan bí 3 máa ń ní àbùkù kan lára, kódà bí ìyá wọn kò bá fẹnu kan oògùn kankan. Nítorí náà ìbéèrè tó tọ́ nípa oògùn ni bóyá ó ń mú iye yẹn lé, àti bó bá ń mú un lé, mélòó ló fi kún un.

Àwọn oògùn, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra

Pyridoxine, ìyẹn fítámì B6, ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀. 10 sí 25 mg ni, ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Bí èyí tí ẹ rà bá jẹ́ 50 mg, ẹ dá a sí méjì. Ẹ má kọjá 100 mg lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, torí B6 tó pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ máa ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára káàkiri ara jẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wá máa ṣe bí ẹni pé wọ́n kú. Abẹ́rẹ́ B complex tí wọ́n ń gún ní kẹ́míìsì kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Bí B6 nìkan ò bá tó, doxylamine ló kàn. Oògùn ara yíyún àtijọ́ kan ni, tó máa ń fa oorun. Òun àti B6 ló wà nínú àdàpọ̀ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ lókè yìí, kò sì sí oògùn èébì aboyún tí wọ́n ṣe ìwádìí lé lórí tó o. Nínú èyí tí wọ́n ṣe pọ̀, 10 mg ìkọ̀ọ̀kan ló wà nínú hóró kan. Hóró 2 ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, dókítà sì lè fi kún un títí dé 4 lójúmọ́. Ẹ má rún un, ẹ má sì dá a sí méjì: wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ti alẹ́ lè bá èébì òwúrọ̀ pàdé. Kì í ṣe gbogbo fámásì ló ní i, ẹ béèrè ní èyí tó tóbi.

Bí ẹ kò bá rí i, àwọn ìbátan rẹ̀ wà: promethazine tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Phenergan, meclizine, cyclizine. Àwọn náà ti pẹ́ lọ́wọ́ aboyún, ìwádìí kò sì rí i pé wọ́n ń mú àbùkù ara lé. Ancoloxin tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì jẹ́ meclizine tí wọ́n pò mọ́ B6, nítorí náà ẹ má tún gbé B6 mìíràn lé e láìṣírò rẹ̀. Oorun ni àléébù gbogbo wọn. Ẹni tó bá lo promethazine kò gbọdọ̀ wa ọ̀kadà, kò sì gbọdọ̀ dúró ti epo tó ń hó. Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ ọtí tàbí oògùn oorun mìíràn. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gún promethazine sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ kọ̀. Inú ẹran ara ni wọ́n ń gún un sí, torí bó bá ṣàn jáde kúrò nínú iṣan, ó lè jó ẹran ara débi tí wọ́n á fi gé ìka.

Metoclopramide, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Plasil, ni oníkẹ́míìsì sábà máa ń kọ́kọ́ nà sí yín. Ní tèmi, kò yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ kọ́: ìwádìí ńlá méjì, ọ̀kan ní Ísírẹ́lì ní 2009 àti ọ̀kan ní Denmark ní 2013, kò rí i pé ó ń fa àbùkù ara. Ìyá ni mo ń rò. Ó lè mú kí ọrùn lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú yí sókè, kí àgbọ̀n há, pàápàá lára ọ̀dọ́bìnrin. Ní àdúgbò wa, ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé àdúrà tàbí ilé babaláwo ni wọ́n lè gbé e gbà, wọ́n á ní wárápá ni tàbí pé wọ́n ta á lọ́fà. Oògùn ló fà á. Oògùn mìíràn sì wà ní ilé ìwòsàn tó ń tú u láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, 10 mg ni, kò gbọdọ̀ ju ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 5 lọ.

Ondansetron ló lágbára jù nínú àwọn tó wọ́pọ̀, òun náà ni àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2018, tó wo oyún mílíọ̀nù 1.8 ní Amẹ́ríkà, rí i pé ọmọ tí ètè tàbí àjà ẹnu rẹ̀ là jẹ́ nǹkan bí 11 nínú 10,000 láàárín àwọn tí ìyá wọn kò lò ó, àti 14 láàárín àwọn tí ìyá wọn lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. 3 ló lé nínú 10,000. Kò rí i pé ó ń ba ọkàn ọmọ jẹ́. Nítorí ìyàtọ̀ yìí, àjọ tó ń rí sí oògùn nílẹ̀ Yúróòpù sọ ní 2019 pé kí aboyún má lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ṣì ń lò ó bí àwọn yòókù bá kùnà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ nọ́ńbà náà fún obìnrin. Ìhà tiwọn ni mo wà: aboyún tí omi kò dúró nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta wà nínú ewu tó ju 3 nínú 10,000 lọ. Àmọ́ dókítà ni kó kọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó ṣẹ́kù sí lọ́wọ́. Ó máa ń mú kí ìgbẹ́ gan, ó sì máa ń yí bí ọkàn ṣe ń lù padà. Ẹni tó ń lo artemether-lumefantrine lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkàn.

Ẹ lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé oògùn kan jẹ́ B tàbí C fún aboyún, bí ẹni pé B sàn ju C lọ. Láti ọdún 2015 ni Amẹ́ríkà tó dá àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn sílẹ̀ ti pa wọ́n tì, nítorí wọ́n ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ondansetron jẹ́ B, promethazine jẹ́ C. Ẹ sì ti rí èyí tó ṣáájú nínú wọn.

Àwọn ohun tí kò yẹ kó dé ẹnu

Misoprostol. Nínú oògùn ọ́lísà ló wà, wọ́n sì tún pò ó mọ́ oògùn ara ríro mìíràn. Ó ń ba oyún jẹ́, ó sì ń fa àbùkù ara. Aboyún tó lọ sọ pé "inú ń ta mí, èébì ń gbé mi" láìsọ pé òun lóyún lè bá a pàdé nínú ọ̀rá náà.

Ẹfun àti amọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà fún aboyún tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀: wọ́n ti rí òjé nínú irú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bí nǹkan bíi rẹ̀ bá ń wù yín jẹ gidigidi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ ló sábà ń fà á.

Ní ti àgbo, èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ kò dára rárá, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ẹni tí omi ti ń tán lára rẹ̀. Mi ò ní bá àwọn àgbà jà lórí gbogbo ewé, àmọ́ ẹni tó sè é gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Obì ní káféènì bíi kọfí, kí aboyún má sì kọjá 200 mg káféènì lójúmọ́.

Omi tí wọ́n ń fà síni lára nínú yàrá ẹ̀yìn kẹ́míìsì tún wà. Ẹni tó ti ń bì fún ọ̀sẹ̀ méjì lè ti lo fítámì B1 inú ara rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá fa omi oníṣúgà sí i láìkọ́kọ́ fún un ní B1, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Iyọ̀ àti pòtásíọ̀mù ló sábà ń nílò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fi pòtásíọ̀mù sí i. Kẹ́míìsì ò ní ohun tí wọ́n fi ń wò ó.

Bí ẹ bá dé fámásì

Fámásì tó ní apòògùn gidi ni kí ẹ lọ. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Àńtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo lóyún, ọ̀sẹ̀ 8 ni. Mo bì lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti àná, omi ń dúró nínú mi, ara mi ò gbóná. Folic acid nìkan ni mo ń lò. Pyridoxine ni mo fẹ́, ẹ má fi nǹkan mìíràn kún un." Bí wọ́n bá ní, "Ìyàwó wa, a ní àdàpọ̀ tó dára jùyẹn lọ," ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi páálí ìkọ̀ọ̀kan hàn yín. Hóró tí kò bá ní páálí, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kò yẹ fún aboyún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi oyún pamọ́ náà gbọ́dọ̀ sọ gbólóhùn kejì yẹn, ìyẹn "Mo lóyún", bó tiẹ̀ jẹ́ pé apòògùn nìkan ló máa gbọ́ ọ. Kì í ṣe dandan kó sọ orúkọ rẹ̀.

Ìgbà tí ilé ìwòsàn yá

Bí omi kò bá dúró nínú yín fún wákàtí 24. Bí ẹ kò bá tọ̀ fún wákàtí 8, tàbí tí ìtọ̀ pọ́n bí àgbo. Bí òòyì bá ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì, bí ara bá gbóná, bí funfun ojú bá pọ́n bí pupa inú ẹyin adìẹ, bí ọ̀rọ̀ bá ń dàrú lẹ́nu yín. Bí ẹ bá sì ti fọ̀n: ẹni tó wọn 60 kg kó tó lóyún tó wá di 57 ti pàdánù 5 nínú 100, ìyẹn sì ti kúrò ní kékeré.

Ẹ̀ka OAUTHC, ìyẹn ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó wà ní Ifẹ̀ àti Wesley Guild ní Iléṣà lè tọ́jú èyí. Bí ibẹ̀ bá jìn, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín, kí wọ́n kọ ìwé fún yín. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tí ẹ ti lò dání. Kí wọ́n tó fa omi sí yín lára, ẹ bi wọ́n pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fi fítámì B1 sí i?" Kì í ṣe àfojúdi. Nígbà tí ẹ bá ń dúró de ọkọ̀, omi ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, ni kí ẹ máa mu: píọ̀ wọ́tà 50 cl méjì fún páálí ORS oní lítà 1, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹ bá ti lo nǹkan kí ẹ tó mọ̀ pé oyún wà

Ọ̀pọ̀ obìnrin ti gbé Plasil tàbí ondansetron mì kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má sáré lọ ṣẹ́ oyún, ẹ má sì mu àgbo "tó ń fọ oògùn kúrò". Ẹ kọ orúkọ oògùn náà, iye hóró, àti ọjọ́ tí ẹ lò ó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ nǹkan oṣù yín, kí ẹ mú un lọ bá dókítà. Fún gbogbo oògùn èébì tí mo dárúkọ yìí, kò sí èyí tí lílò rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ tó ìdí láti ṣẹ́ oyún. Sikáànì ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 ni wọ́n fi ń wo ẹ̀yà ara ọmọ. Bó bá jẹ́ misoprostol ni, ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Bí a ṣe ń jáwọ́

Tí ẹ bá ti wọ ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 tí ẹ ò bì mọ́, ẹ má já oògùn jù lójijì. Ẹ yọ hóró kan kúrò, kí ẹ wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí èébì kò bá padà, ẹ yọ òmíràn. Bó bá padà, ẹ dá hóró tí ẹ yọ kẹ́yìn padà, kí ẹ tún gbìyànjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ti dá irin dúró lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà nígbà yìí, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ 20 bá kọjá tí ẹ ṣì ń bì, tàbí tí èébì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má tún oògùn àtijọ́ rà. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀dọ̀ wò.